Àtàǹpàkò Méjì ní Halifax

Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi, Ọ̀gbẹ́ni Ackroyd.
Ẹ má bínú, ọwọ́ mi tutù;
òtútù Halifax kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà,
ó máa ń bá èèyàn wọlé ni.

Kí n tó fọwọ́ kàn yín, ẹ dá mi lóhùn:
ṣé ẹ ń tọ̀ dáadáa?
Ṣé ibi tí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ fi ń jókòó kò kú tipiri?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ajá òun nìkan ló kú nílé òun.

Mo wá kòtò kékeré méjì lókè ìdí rẹ̀,
ibi tí Ẹlẹ́dàá fi ìka tẹ̀ nígbà tí amọ̀ ṣì tutù.
Àtàǹpàkò kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì.
Ẹ bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá bọ́tìnnì tó já bọ́.

Tọ̀tún jókòó jẹ́ẹ́.
Tòsì bá ẹ̀yìn gòkè, ó lẹ̀ mọ́ ọn
bí ọmọ tó kọ̀ tí ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ìyá.

“Ṣùgbọ́n ọ̀tún ló ń dùn mí.”
Mo mọ̀. Eegun tó gan kì í sọ̀rọ̀,
èyí tó ń bá a ṣiṣẹ́ ni ń ké.
Bàbá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà ní Ìkìrun, a máa sọ pé
ilẹ̀kùn tó bá ń han, ẹ má nà án,
ẹ lọ bi férémù léèrè.

Ṣé kí n wá gba ọwọ́ mi gbọ́?
Olùkọ́ mi fi ẹ̀yìn kan ṣoṣo han àwa mẹ́fà,
ìdáhùn mẹ́rin la gbé wá.
Ọwọ́ náà a máa parọ́,
pàápàá ọwọ́ tó ti mọ ohun tó fẹ́ rí.
Ẹ jókòó, sà. Ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Lórí ìjókòó, àwọn méjèèjì gòkè dọ́gba-dọ́gba.
Eegun onígun mẹ́ta tó wà láàárín, mo dá a sílẹ̀:
kò jẹ̀bi. Láti ìsàlẹ̀ ni ẹjọ́ ti wá.
Ó dùbúlẹ̀, mo fi kókósẹ̀ wéra:
tòsì fi ìbú èékánná kan kúrú ju tọ̀tún.

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní kó wọ bàtà.
Ìgbà yẹn gan-an ni mo tó rí i.
Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ìdúró tirẹ̀:
ẹsẹ̀ ọ̀tún ló gbé gbogbo ara,
orúnkún òsì ká díẹ̀,
bí ẹni gbé e lé àtẹ̀gùn kan tí kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ wo lẹ ṣe, sà?
“Lẹ́tà ni mo pín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Gbogbo òkè ìlú yìí, ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àtẹ̀gùn rẹ̀.”

Ó ti fẹ̀yìn tì, ìbàdí rẹ̀ ò tíì gbọ́.
Ó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn,
ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ọ̀kan lókè,
ó ti kan ilẹ̀kùn, ó ń retí kí wọ́n ṣí i.

Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Tọ́sìdeè.
Mo ń fọ ọwọ́, omi gbígbóná ò tètè dé.
Ọdún kẹsàn-án mi rèé nílùú yìí.
Mo wo ilẹ̀:
ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló gbé mi dúró.