Réluwéè Tí Kò Dúró

Ojú-ewé mọ́kànlá péré ni ìtàn náà nínú ìwé.
Ará Íńdíà kan ló kọ ọ́; tíṣà wa ló yá mi.
Mo ń tú u sí Yorùbá fún Yèyé mi lálẹ́,
ní Ìmẹ̀pè, lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé,
bó ti ń rẹ gàrí tó kan dé eyín.

Bàbá arúgbó kan, Rámdíìnì, ló ń tan àtùpà
ní tésàn réluwéè kékeré kan láàárín oko ìrẹsì.
"Báwo ni réluwéè ṣe rí?" ni Yèyé bi mí.
Èmi tí a bí sí Òde, níbi tí réluwéè ò dé,
mo ní ilé gígùn ni, tó ń sáré.

Ọmọbìnrin bàbá náà ti lọ sílé ọkọ.
Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.
Jímọ̀ kọjá. Jímọ̀ mìíràn kọjá.
Ìwé náà ò sunkún. Ó kàn sọ pé
bàbá fi etí aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì àtùpà,
réluwéè kọjá, kò dúró,
atẹ́gùn rẹ̀ sì pa iná.

"Ṣé ó tán?" Mo ní ó tán.
Ó dákẹ́, ó pẹ́.
"Ẹni tó kọ ọ́ mọ nǹkan," ló wí,
ó sì tún bu omi sí gàrí tí omi ti bò.

Ọdún yẹn náà ni sinimá rẹ̀ dé Òde.
Sísì kọ̀ọ̀kan la fi wọlé. Gbọ̀ngàn náà ò ní òrùlé;
tí òjò bá rọ̀ nínú àwòrán, à ń wo ojú ọ̀run.
Mo jókòó, mo ń ka àṣìṣe wọn bí ẹni ka owó:
níbo ni ogún ọmọge yìí ti jáde, tí wọ́n ń jó nínú ẹrẹ̀?
Ta ló kọ́ Rámdíìnì lórin?
Nígbẹ̀yìn, réluwéè dúró. Ó mà dúró!
Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ẹ̀gbà ń dún lọ́wọ́ rẹ̀,
èrò hó yèè, ẹnì kan ju fìlà sókè.
Mo ní, "Irọ́ ni! Kò sí nínú ìwé!"

Yèyé ò dá mi lóhùn.
Kì í ṣe ọmọ ló ń wò, kì í ṣe bàbá.
Ẹ̀yìn wọn ló tẹjú mọ́,
níbi tí àwọn aláìlórúkọ ti ń gbé ẹrù kọjá.
"Sọ fún wọn kí wọ́n dá a padà díẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ orúkọ Odùnúga,
àkọ́bí rẹ̀, tó bá wọn lọ sógun Bọ́má.
Lẹ́tà kan ló kọ láti Íńdíà kó tó wọgbó:
*Yèyé mi, mo wà ní tésàn kan. Òjò ń rọ̀.
Wọ́n fún wa ní tíì.*
Kò sí ẹlòmíràn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀.

Ó tún lọ wo sinimá náà lẹ́ẹ̀mejì,
òun nìkan, sísì ní ìdí ìró.
Ó ní, "Òótọ́ ni ìwé rẹ sọ, mo gbà.
Ṣùgbọ́n kò sí ojú ènìyàn kan nínú rẹ̀."
Ó ní ọkùnrin kan wà lápá òsì, tó wọ kàkí,
tó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tí wọ́n pè.

Èmi náà padà lọ.
Mo rí i. Ọmọ Íńdíà ni, irun rẹ̀ ń dán, ó gbé àpótí.
Kò tó bí ẹní ṣẹ́jú, ó ti wọ inú èrò.

Nígbà tí mo délé, Yèyé ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé.
"Ṣé o rí i?"
Mo ní mo rí i.