Géèjì Apá Òsì

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ka géèjì
nílé iṣẹ́ irin, l'Óṣogbo níbí,
ojú mi lára abẹ́rẹ́ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn gíláàsì.
Bó bá ti fẹ́ kan ìlà pupa,
mo ti ké sí Rájí: "Dín iná kù!"
Mi ò mọ̀ pé èmi náà ń gbóná.

Ọláníhun ló fi í ránṣẹ́ nínú páálí funfun kan.
Nọ́ọ̀sì Mojírádé, l'Ókè-Fìà, nu ẹ̀yìn apá mi,
ó ní, "Bàbá, ẹ má wò ó." Mo wò ó.
Ó ró kọ́ọ́, bí ẹni tẹ bairò.
Ó tán. Ohun tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ Ẹtì
kò ta mí tó èèrà.
Bọ́tìnnì kóòtù kan ló kù lára mi,
bọ́tìnnì tí kò ní ihò tí yóò wọ̀.

"Ẹ fún un ní wákàtí kan, kò tíì lè sọ̀rọ̀."
Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì bí ẹni ń retí rélùwéè.
Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní igba ó lé mọ́kànlá,
ọfà kékeré kan kọjú sókè.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó tú mi fó.
Ògì! Ògì tí mi ò fi ṣúgà sí,
tí mo fi ń yangàn fún Ìyá Ọláníhun,
òun gan-an ló ń gòkè bí ọmọ tó rí máńgòrò.
Ṣùgbọ́n bí mo bá jẹun tán, tí mo rìn dé ojú irin, tí mo padà,
ọfà á tẹrí ba.
Ara tí mo ti ń gbé láti ọdún méjìdínláàádọ́rin,
mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè rẹ̀.

Òru ọjọ́ kẹrin, aago méjì àbọ̀, fóònù figbe ta:
ṣúgà ti já wálẹ̀, ó ti di márùndínlọ́gọ́ta!
Ìyá Ọláníhun fò dìde, kò wá bàtà, kò wá ìborùn,
ó gbé ìgò oyin dé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n ju tèmi lọ.
Mo ní, "Dúró ná. Mi ò làágùn. Ojú mi ò ṣú."
Mo gún ìka: mẹ́rìnléláàádọ́fà.
Àṣé èmi ni mo sùn lé e,
ó ń pariwo ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn.
A rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi pe ìrun àsùbáà.
Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni mo fi ń sùn,
mo sì ń kọjú sí i,
ohun tí mi ò ṣe láti ọdún tí a jà nítorí ilẹ̀ Òkè-Baálẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìnlá, ó dákẹ́.
Mo fi òróró ṣí i kúrò, ó fi òrúka pupa sílẹ̀ lára mi.
Ẹyọ kan ló kù nínú páálí, owó rẹ̀ kì í ṣe owó ẹ̀kọ;
ó di oṣù tó ń bọ̀.
Ìka ni títí dìgbà náà, àti ìwé olójú ewé ogójì.

Rájí wá kí mi nírọ̀lẹ́, ó ká apá ẹ̀wù mi sókè.
"Géèjì dà?"
Mo ní ó lọ sinmi.
Ó wo búrẹ́dì ọwọ́ mi, ó wo ojú mi,
ó ní, "Dín iná kù."