Ìrọ̀lẹ́ Ni Wọ́n Ń Ra Bàtà

Dókítà ní kí n máa rìn. Mo ní, níbo?
Ó ní ibikíbi tí kò ti sí àga.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù funfun kékeré
lẹ́ni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta,
lẹ́yìn tí mo ti fi ọgbọ̀n ọdún ka búlọ́ọ̀kù fún ìjọba l'Ábùjá.

Bàtà àkọ́kọ́, Wúsè ni mo ti rà á, lówùúrọ̀ Sátidé,
nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn bí ọyẹ́.
Ó funfun ju lékeléke lọ.
Ọmọbìnrin tó tà á ní, "Màmá, ó bá yín mu."
Kí ló bá mu? Ojú mi ni.
Ẹsẹ̀ ò tíì sọ̀rọ̀.

Ní ihò kẹrin, ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀.
Ó kọ́kọ́ rọra sọ ọ́, bí ẹni tó fẹ́ yá owó;
nígbà tó di ihò kẹfà, ariwo ló ń pa.
Gìgísẹ̀ bó. Ìka tó kéré jù kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mi mọ́.
Mo jókòó sétí kòtò yanrìn
bí ẹrù tí mọ́tò já sílẹ̀, tí olówó rẹ̀ ò tíì dé.

Zakwóyì tó ń bá mi gbé àpò rẹ́rìn-ín.
Ọmọ Gbàgyí ni, èjìká ló fi ń gbé nǹkan,
bí ìyá rẹ̀ ti ń fi èjìká gbé igi ìdáná,
tí kì í jẹ́ kí ẹrù kan orí.
Sálúbàtà rọ́bà ló wọ̀, wáyà ló fi di okùn rẹ̀ kan.
Ihò méjìdínlógún, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kò tiro rí.
Ó ní, "Màmá, ojú lẹ fi ra bàtà.
Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rà á,
nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rìn, tó ti wú.
Láàárọ̀, ẹsẹ̀ a máa purọ́."

A lọ sí Nyányà lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun alásárì,
sọ́dọ̀ Málàm Tánímù tó ń ta gwánjò.
Kò bi mí ní nọ́ńbà.
Ó ní kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ tí mo fi ń ṣeré, kí n dìde dúró,
ó fi àtàǹpàkò tẹ iwájú bàtà: àyè rẹ̀ gbọ́dọ̀ kù níbẹ̀.
Ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó ṣẹ́po láàárín bí ìwé.
Ó jù ú nù. "Èyí ò ní rí òjò kejì."
Níbi ìka ni bàtà gidi ti ń tẹ̀, àárín rẹ̀ a le.
Ó gbóòórùn gúlúù, ó fi èékánná ha awọ,
ó yí ìsàlẹ̀ sókè, ó ń ka eyín rọ́bà rẹ̀
bí ẹni tó ń ra àgbò iléyá:
mẹ́sàn-án, ọ̀kan ti jẹ. "A ó pààrọ̀ ìyẹn."

Àwọ̀ rẹ̀ rí bí erùpẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà Kẹ́fí.
Ẹnìkan ti kọ orúkọ sínú rẹ̀, lẹ́tà méjì péré ló kù.
Ẹni yẹn ti bá mi jìyà ibẹ̀ tán.
Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀, láàárín àwọn ọmọlanke.
Ẹsẹ̀ dákẹ́.
Tánímù pe ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá, mo san mọ́kànlá.
Mo ní kí Zakwóyì náà mú tirẹ̀. Ó pẹ́ kó tó mú un.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìrì ṣì wà lórí koríko,
a dé ihò kọkànlá, ó bọ́ bàtà tuntun náà,
ó so ó kọ́ èjìká kejì, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ.
Mo ní, ṣé ó ń ta ọ́ ni?
Ó ní rárá. Ó ní ìyá-ìyá òun ló gbin ọkà bàbà síhìn-ín,
kí wọ́n tó wá wọn ilẹ̀.

Mo mọ ọdún tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà.
Mo dúró, mo wo bàtà mi.
Mi ò bọ́ ọ.
Ó ń tù mí lára.