Ìka Méjì

Kí oòrùn tó yọ lórí òkè Sóbì,
mo ti fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ Àwáwù.
"Ṣé o sùn?"
"Mo sùn, kóòṣì."
Ẹnu lè purọ́. Iṣan ò mọ̀ ọ́n pa.
Méjìléláàádọ́ta ló ń lù lọ́jọ́ Àtìní;
Àlàmísì rèé, ó ti di mọ́kàndínláàádọ́rin.

Ó lóun á sáré. Wọn kì í lọ́ àwọn ò ní sáré.
Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà fún Gàníyù níjọ́sí,
tí iṣan itan rẹ̀ já pàù bí okùn àgbò.
Ó ń lẹ táyà ní Gànmọ́ báyìí.

"Máa lọlé. Mu kókó, kó o sùn."
Ó di bàtà mọ́ àyà, kò kí mi.

Nígbà tó jáde ní géètì,
mo ka tèmi.
N ò kọ ọ́ sílẹ̀.