Ìdí Ìbọn

Ọdún mẹ́ta ni ṣakabùlà bàbá mi fi dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo gbé e lọ sí Òkèsà, sọ́dọ̀ Ògúngbèmí alágbẹ̀dẹ:
"Ìdí rẹ̀ ò ṣí mọ́. Èéfín ẹ̀tù ti dì í pa."

Kò fèsì. Ó ti ọ̀pá bọ ẹnu ìbọn,
ó fi èékánná sàmì sí i, ó fà á yọ,
ó tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin: ó fi ìbú ọwọ́ kan dín.
"Ó wà ní kíkì. Gbé àtùpà yẹn jìnnà."

Bàbá mi kì í, kò yìn ín, ó kú.

Omi la kọ́kọ́ dà sí i, kẹrosíìnì tẹ̀ lé e,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹní ń rọ ọmọ lágbo.
Lọ́jọ́ kẹta ó fi ẹ̀mú gbá ìdí ìbọn mú.
Kò yí. Ó fi òòlù kàn án, kó, kó,
ó tún yí i,
ó han bí ilẹ̀kùn àká.

Èédú jáde, ẹ̀tù tó ti di ẹrẹ̀,
ọta mẹ́rin,
àti àkísà róbótó kan.
Mo tẹ́ ẹ sórí itan: búlúù, ìlà funfun,
ìgbànú aṣọ ilé-ìwé mi tó sọnù.

Mo ti na Ìbídàpọ̀ àbúrò mi nítorí rẹ̀.