Èyí Tí Yóò Rántí Mi Bí Iná Bá Lọ

Mẹ́ta ni wọ́n, wọ́n tò sójú kọ̀ǹpútà mi
bí ọkùnrin mẹ́ta tó wá tọrọ ọmọ kan ṣoṣo.
Yàrá kan ni mo ní, lẹ́yìn Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́.
Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ẹni tó ń lẹ táyà.
Mo fi páálí ẹyin lẹ ògiri,
mo fi aṣọ ìbora ìyá mi bo ilẹ̀kùn,
mo ní kí ariwo ìta dúró síta.
Ariwo kò gbọ́ Yorùbá.

Àkọ́kọ́ wọlé tọlátọlá.
Àwọn olówó Ìjàpọ̀ ló ń lò ó; wọ́n ní
bí o bá húkọ́ sínú rẹ̀, á sọ ikọ́ náà di orin.
Kò gba náírà.
Dọ́là ni, lóṣooṣù,
bí ẹni tó ń sanwó ilé fún afẹ́fẹ́.
Mo tọ́ ọ wò fún ọjọ́ mẹ́rìnlá ọ̀fẹ́.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló fi ń jí.
Kọ̀ǹpútà mi, tòkunbọ̀ tí mo rà ní Arákálẹ̀,
bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí arúgbó tó ń gun òkè Ìdànrè.
Ó gbóná débi pé mo lè fi yan àgbàdo.

Èkejì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.
Akínwùmíjù ló mú un wá,
nínú fíláàṣì tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀.
"Wọ́n ti já àgádágodo rẹ̀," ó ní, "máa lò ó lọ."
Ó dára, n kò ní purọ́.
Ìlù inú rẹ̀ dún bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù.
Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń bẹ aráyé
kí wọ́n má jí orin mi gbé,
kí ni n ó wí lọ́jọ́ tí wọ́n bá já àgádágodo tèmi?
Mo dá fíláàṣì padà. Ó rẹ́rìn-ín,
ó ní ẹ̀rí ọkàn kì í dún nínú máìkì.
(Mo tọ́jú ìlù kan níbẹ̀. Ọ̀kan péré. Ẹ jọ̀ọ́.)

Ẹ̀kẹta ò lẹ́wà.
Àwọ̀ eérú, bí ìwé owó-orí ìjọba ìbílẹ̀.
Kò ní ìlù, kò ní dùùrù;
ohun tí o bá gbé fún un ló máa gbé padà fún ọ.
Kò wúwo ju ìyẹ́ àdìẹ lọ.
Owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń san án,
ó sì ní kí n ṣì máa lò ó ná.
Mo ń wò ó bí ẹni ń wo ẹ̀bà àná.

Lóru Ọjọ́bọ̀, Bọ́látitó àbúrò mi wá kọrin.
Ibi tó ti ń ránṣọ l'ọ́nà Ọ̀bà-Ilé ló ti ń bọ̀,
abẹ́rẹ́ ṣì wà ní kọ́là aṣọ rẹ̀.
A dúró títí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò fi sùn lọ́kọ̀ọ̀kan;
ti ẹni tó ń ta ẹja yìnyín ló kẹ́yìn.
Eérú yìí nìkan ló tètè ṣí, la bá lò ó.
Ẹsẹ kìíní. Ẹsẹ kejì.
Ó dé orí ọ̀rọ̀ tí gbogbo orin náà rọ̀ mọ́, "ilé",
nẹ́pà mú iná.

Bátìrì mi ti kú láti ọdún tó kọjá.
Òkùnkùn. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.
Mo gbọ́ nígbà tí abẹ́rẹ́ bọ́ sílẹ̀.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, iná dé.
Mo ṣí i bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá aláìsàn.
Ìbéèrè kan ló bi mí:
ṣé kí òun gbé ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi wá?
Gbé e wá.
Ohùn ọmọ náà nìyẹn, odindi,
títí dé "i".
Kò dé "lé".

Mo sanwó rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.
Bọ́látitó ní ká tún orin náà gbà látìbẹ̀rẹ̀.
Mo ní ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ
fẹnu ara rẹ̀ parí i.
A ṣì ń jà lé e lórí.