Ṣíbí Inú Ọ̀fun

Ọmọ mi ra ẹ̀rọ kan wá láti Àbújá,
ó dè é mọ́ abẹ́ síǹkì nílé ìdáná,
ó ní, "Ìyá, ẹ ò ní í ru èérí lọ sẹ́yìnkùlé mọ́.
Ohun tẹ́ ẹ bá jẹ kù, ẹ tì í sí i lọ́fun,
yóò lọ̀ ọ́ kúnná, omi á gbé e lọ."
Ó tan án hàn mí lẹ́ẹ̀kan. Ó bú ramúramù,
nǹkan kan sì dún kẹ́lẹ́ńkẹ́lẹ́ nínú rẹ̀.
Ó ní bó ṣe máa ń dún nìyẹn.
Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.
Lọ́jọ́ kẹta, iná lọ.

Ẹni tó mọ Ìsánlú mọ bí iná ṣe ń lọ:
kì í dágbére, kì í dájọ́ àbọ̀.
Èmi sì ti gba ọ̀fun náà gbọ́.
Èèpo iṣu, orí edé, omi irú, mo tì í sí i.
Ìgbà kajú ni, gbogbo ìlú ń yọ kóró, wọ́n ń da èso nù;
mo kó èyí tó pupa, mo kó èyí tó pọ́n rúsúrúsú,
mo ní kó máa jẹun lọ, iná ń bọ̀.

Òórùn kan yọjú.
Kò le. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tó ń tijú.
Ní ọjọ́ kẹfà ó ti jókòó.
Ní ọjọ́ kẹjọ òun ni onílé, èmi ni mò ń tọrọ àyè.
Ó wọ gaàrí. Ó wọ gèlè tí mo wé lọ ṣọ́ọ̀ṣì;
Díákónì Ìbítóyè yí ìjókòó padà, ó ní atẹ́gùn lòun ń wá.
Aládùúgbò kí mi láti òpópónà, "Òkun o,"
kò wọlé.

Mo wá eku tó kú. Mo gbá abẹ́ ibùsùn.
Mo bú ewúrẹ́ tí kò ṣẹ̀ mí.
Mo da ìsáàlì sí i: ó di òórùn ọsibítù tí òkú wà nínú rẹ̀.
Mo da omi gbígbóná àti iyọ̀,
ó sùn di ìrọ̀lẹ́, ó tún jí.
Mo pe ọmọ mi. Ó ní kí n fi èèpo ọsàn sí i.
Èèpo ọsàn! Bí ẹni ń fi lọ́fínńdà wẹ òkú.

Ìgbà tó yá, Jókótoyè tó ń ṣe páìpù gun ọ̀kadà dé láti Mọ̀pà.
Ó fi aṣọ di imú, ó dùbúlẹ̀ gbalaja,
ó tú ìdè kan, ó tú èkejì,
ohun dúdú kan rọ̀ sínú báàfù bí ẹ̀kọ tí kò dì,
ìdin ń rìn nínú rẹ̀ bí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀.
Ó ní, "Màámi, bí iná tilẹ̀ dé, èyí ò ní í yí.
Nǹkan há sí i léyín."
Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà á yọ.

Ṣíbí.
Èyí tí ìyá mi fi ń fún mi lẹ́kọ mu nígbà tí mo wà lọ́wọ́.
Èyí tí mo ní Olúfadéké ló jí i,
ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ọmọ Ẹ̀kìnrìn,
tí mo da àpò rẹ̀ sílẹ̀ lójúde:
súwẹ́tà ilé ìwé, búrọ́ọ̀ṣì, bàtà ẹsẹ̀ kan tó ti já.
Kò sí ṣíbí níbẹ̀. Mo ṣì fi í sínú mọ́tò.

Èèpo iṣu ti padà sẹ́yìnkùlé, adìẹ ti rí i.
Díákónì ti padà síjòókòó rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó tún ń gbọ́ òórùn náà àfi èmi.

Lọ́la, bí mọ́tò Kàbà bá tètè kún,
mo fẹ́ sọ̀ ní Ẹ̀kìnrìn.
Ṣíbí wà nínú àpamọ́wọ́ mi. Mo ti fi eérú fọ̀ ọ́,
ibi tí ẹ̀rọ ti jẹ etí rẹ̀ ò kúrò.
Mi ò tíì mọ ohun tí màá kọ́kọ́ sọ,
"Òkun o" ni, àbí orúkọ rẹ̀.